Àjẹsára àti Ààbò Àbímọ́ni: Ìtàn Bí Ènìyàn àti Ewéko Ṣe Ń Dá Bakitéríà Mọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàrin àwa tí a ń yẹ ìwé ìdánwò wò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé 'a bí àjẹsára mọ́ ènìyàn', ṣé kí a fún un ní máàkì ni, àbí kí a fà á lé e? Àwọn kan nínú wa ní èdè ọmọ náà lòdì, nítorí pé ohun tí a jẹ sí ara ni àjẹsára, kì í ṣe ohun tí a bí mọ́ni. Àwọn mìíràn ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ pé, nítorí pé ara ní ààbò kan tí kò ti ọwọ́ oògùn tàbí abẹ́rẹ́ wá. Ní tiwa, ìhà méjèèjì ni ó jàre. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti sọ ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe rí ààbò kejì yìí, tí a ó máa pè ní ààbò àbímọ́ni, nítorí pé ó pẹ́ kí àwọn náà tó fún un ní àyè tirẹ̀.

Ní ọdún 1882, Élie Metchnikoff, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, wà ní ìlú Messina ní Ítálì. Ó mú ọmọ ẹranko òkun kan, irú èyí tí í ní apá bí ìràwọ̀ bí ó bá dàgbà. Ara ọmọ náà mọ́ gaara. Metchnikoff fi ẹ̀gún gún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti ṣù bo ẹ̀gún náà. Kò sì sí ẹni tí ó fún ẹranko yìí ní nǹkan kan jẹ sára. Ní 1908, òun àti Paul Ehrlich ará Jámánì jọ gba ẹ̀bùn Nobel, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ehrlich ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ tọ̀ fún ọdún gbọọrọ: ohun tí ara ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti bá àrùn pàdé. Àjẹsára ni wọ́n ń wò.

Síbẹ̀, nǹkan kan ń dà wọ́n láàmú. Bí wọ́n bá fún ẹranko ní purotéènì àjèjì tí ó mọ́ tónítóní, ara rẹ̀ kì í sábà kà á sí. Àfi bí wọ́n bá da òkú bakitéríà tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn. Kí ni òkú bakitéríà ń sọ fún ara? Ní 1989, Charles Janeway ti Yunifásítì Yale dábàá ìdáhùn kan: sẹ́ẹ̀lì ní adámọ̀ tí a bí mọ́ ọn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá ohun tí bakitéríà ní, tí àwa kò ní, mọ̀. Adámọ̀ yìí, bí oníbodè ni ó rí lára sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rí kò tíì sí nígbà náà.

Ibi tí a kò fojú sí ni ẹ̀rí ti wá. Jíìnì kan wà lára eṣinṣin èso tí wọ́n ń pè ní Toll, tí í jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyanu lédè Jámánì, bí ìgbà tí Yorùbá bá ní 'ó mà ga o!' Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé òun ni í fi ẹ̀yìn àti ikùn eṣinṣin sí ipò wọn nínú ẹyin. Ní 1996, ní Strasbourg, Bruno Lemaitre, Jules Hoffmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé fọ́ńgọ́ọ̀sì máa ń pa eṣinṣin tí Toll rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó di 1997, Ruslan Medzhitov àti Janeway ti rí ìbátan Toll lára ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ìrù bakitéríà ni ó dùn mọ́ wa jù nínú ìtàn yìí. Ọ̀pọ̀ bakitéríà ni ó ní ìrù tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́. Purotéènì tí a fi ṣe ìrù náà ń jẹ́ flajẹ́lìnì, ásíìdì àmínò tí ó lé ní 200 ni a sì sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 1999, Georg Felix, Thomas Boller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Basel fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tòmátò máa ń ta gìrì bí wọ́n bá fún un ní 22 péré nínú ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí. Ní 2000, wọ́n rí adámọ̀ rẹ̀ lára koríko kékeré kan, Arabidopsis, wọ́n sì ń pè é ní FLS2. Nígbà tí ó di 2001, àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà rí adámọ̀ flajẹ́lìnì lára eku àti ènìyàn: TLR5, ọ̀kan nínú ìdílé Toll.

Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò sọ pé ọmọ ìyá ni FLS2 àti TLR5. Àwa olùkọ́ èdè kì í torí pé ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè méjì jọra kí a sọ pé orísun kan ni wọ́n ti wá. Bákan náà ni ó rí níhìn-ín. Ibi tí FLS2 ń dì mú lára flajẹ́lìnì yàtọ̀ sí ibi tí TLR5 ń dì mú, èrò àwọn onímọ̀ sì ni pé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ewéko àti ẹranko dé ìdí ọgbọ́n yìí. Kí ló dé tí àwọn méjèèjì fi yan ìrù? Ibi tí TLR5 ń wò jẹ́ ibi tí flajẹ́lìnì fi ń so mọ́ra di ìrù. Bí bakitéríà bá yí ibẹ̀ padà lásán, kò ní lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́.

A ní 'lásán', nítorí pé àwọn kan ti rí ọgbọ́n dá. Helicobacter pylori, tí í fa ọgbẹ́ inú, ti yí ibẹ̀ padà, ó sì tún àwọn ibòmíràn ṣe kí ìrù rẹ̀ má baà bàjẹ́; TLR5 kò dá a mọ̀. Agrobacterium náà ti yí ìlẹ̀kẹ̀ 22 yẹn padà, FLS2 kò sì rí i. Ṣùgbọ́n ní 2006, Cyril Zipfel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé Arabidopsis ní adámọ̀ mìíràn, EFR, tí í fi purotéènì mìíràn, tí ń bẹ nínú bakitéríà náà, mú un. Ìdílé ewéko tí Arabidopsis àti kábéèjì wà nìkan ni ó ní EFR. Tòmátò kò ní i.

Ní 2010, wọ́n mú jíìnì EFR, wọ́n fi í sínú tòmátò. Tòmátò náà sì ta ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tí Ralstonia kọ lù ú, bakitéríà tí í mú kí tòmátò rọ nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí oko ilé-ìwé rẹ̀ rí, bí ó ti ṣe tiwa, yóò mọ ohun tí èyí tó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máàkì ti tún le sí i. A fi EFR fún tòmátò ni, kò ní i tẹ́lẹ̀, ó sì fẹ́ jọ àjẹsára. Ṣùgbọ́n jíìnì náà ti wọ inú èso rẹ̀, ọmọ tí ó bá hù láti inú èso náà lè bá a wáyé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé 'wọ́n fún tòmátò ní ààbò àbímọ́ni', a ó gbà á fún un. Bí ó bá pè é ní àjẹsára, a kò ní gbà á, nítorí pé àjẹsára òbí kì í di ogún àrọ́mọdọ́mọ.