Kí Wọ́n Tó Fi Bàálù Lé Ọ Lọ́wọ́

Ní Maitama l'Àbújá, odò àti adágún ni wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ òpópónà lórúkọ. Èèyàn á ti Mississippi bọ́ sí Gana, á yà sí Nile, síbẹ̀ omi kò ní kan bàtà rẹ̀. Àdúgbò yìí ni ọgbà Millennium Park wà, èyí tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí lóṣù Kejìlá ọdún 2003, ibẹ̀ ni mo sì ti bá ọmọkùnrin kan pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó gbé ìwé past question tí èèpo rẹ̀ ti ya lé itan. Ó kí mi tán, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Jíà mẹ́ta ló kọ́ ara wọn yìí. Bí ti àkọ́kọ́ bá ń yí sọ́wọ́ ọ̀tún, ibo ni ẹ̀kẹta máa yí sí?"

Mo wo àwòrán náà, mo ní ọwọ́ òsì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: èkínní sí ọ̀tún, èkejì sí òsì, ẹ̀kẹta sí ọ̀tún padà. Ó ní ìdánwò NDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà ológun, ni òun ń múra sílẹ̀ fún, iṣẹ́ awakọ̀ òfúrufú ológun ló wu òun. Ká ní wọ́n fẹ́ fi bàálù lé ọ̀kan nínú àwa méjèèjì lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ ti mọ ẹni tí wọn ì bá gbé e fún.

Ìbéèrè náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ta ló kọ́kọ́ rò ó pé kí ọmọ èèyàn tó wa bàálù ogun, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí jíà ń yí sí?

Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1914, kò tíì pé ọdún mọ́kànlá tí àwọn Wright, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, fi bàálù kúrò nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó mọ irú èèyàn tí iṣẹ́ náà yẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ẹni tó bá mọ ẹṣin gùn ni kí wọ́n mú, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lórí ìjánu ẹṣin, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀ lórí ọ̀pá bàálù pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà pa èèyàn lẹ́rìn-ín lónìí, ṣùgbọ́n kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá, ọwọ́ àti ojú tó ń bára wọn ṣiṣẹ́ láìsí ìjà, òun náà ni wọ́n ṣì ń wá. Wọn ò kàn mọ bí wọ́n ṣe máa wọ̀n ọ́n ni.

Àwọn ará Faransé gbìyànjú láti wọ̀n ọ́n. Méjì nínú wọn, Camus àti Nepper, á so ẹ̀rọ mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin lára láti mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n àti bó ṣe ń mí. Á jókòó jẹ́ẹ́, kò ní mọ nǹkan kan. Lójijì ni wọ́n á yin ìbọn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tètè balẹ̀ padà ló yege. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà kan tó ń jẹ́ Martin Flack ní kí wọ́n máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá mẹ́kúrì títí á fi gòkè dé mìlímítà 40, kí wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀ láìmí. Àga kan tún wà tó ń jẹ́ orúkọ Robert Bárány, dókítà ará Austria tó gba ẹ̀bùn Nobel ọdún 1914. Wọ́n á gbé èèyàn sórí rẹ̀, wọ́n á fi í bí òkòtò, wọ́n á dá a dúró lójijì, wọ́n á wá máa wo bí ẹyinjú rẹ̀ ṣe ń ṣe. Àwọn ológun Amẹ́ríkà fi àga yìí dá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ padà sílé. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tó máa wa bàálù dáadáa yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní lè wà á.

Ọ̀kan nínú àwọn àyẹ̀wò ìgbà yẹn ṣì wà láàyè pátápátá. Lọ́dún 1917, Shinobu Ishihara, dókítà ojú ní Japan, ṣe ìwé kan fún àwọn ológun ilẹ̀ rẹ̀. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kún fún àmì tótòtó, ńlá àti kékeré, oríṣiríṣi àwọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ mọ àwọ̀ á rí nọ́ńbà láàárín wọn. Ẹni tí kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé kò ní rí i, tàbí kó rí nọ́ńbà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ní àléébù yìí láìmọ̀, torí kò dí wọn lọ́wọ́ ọjà tàbí oko. Ṣùgbọ́n iná pupa àti iná àwọ̀ ewé ni ilé ìṣọ́ pápákọ̀ òfúrufú fi ń bá bàálù sọ̀rọ̀ bí rédíò bá kú. Kò sí bí èèyàn ṣe lè kàwé tó tí ìwé Ishihara á fi gbà fún un. Mo máa ń gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ lórí ìwé kankan.

Ogun àgbáyé kejì ló sọ àyẹ̀wò di ìdánwò orí ìwé. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ di kádẹ́ẹ̀tì awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti lo ọdún méjì ní yunifásítì. Ogun dé, àwọn ọmọ yunifásítì kò kárí. Lóṣù Kìíní ọdún 1942, wọ́n pa òfin náà tì, wọ́n sì fi ìdánwò rọ́pò rẹ̀. John Flanagan ló ṣáájú àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó ṣètò rẹ̀. Lẹ́yìn ìwé kíkọ, wọ́n á mú ọmọ náà lọ síwájú àwọn ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú wọn, tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Mashburn ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ṣáájú ogun, dà bí ìjókòó awakọ̀: ọ̀pá wà níwájú, pẹ́dàlì wà lẹ́sẹ̀. Iná kan á tàn lójú pátákó, ọmọ náà á fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wá iná tirẹ̀ títí á fi bá a dọ́gba. Bó bá ti bá a, òmíràn á tún tàn. Gbogbo èyí ni wọ́n rò pọ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo, láti orí 1 dé 9. Ẹni tó gba 9 kì í sábàá jábọ́ nílé ẹ̀kọ́ bàálù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gba 1, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá wọn padà.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ síbí yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń múra ìdánwò yìí ti ń ṣi í mú. Flanagan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò wá ọlọ́gbọ́n. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni epo tó ṣòfò, bàálù tó fọ́, àti olùkọ́ tó bá akẹ́kọ̀ọ́ kú. Gbogbo ìbéèrè tó wà nínú ìwé wọn, ìdí tó fi wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í sábàá já bàálù mọ́lẹ̀.

Jíà ọmọ Maitama yẹn, ìgbà kan náà ló ti wá. Lọ́dún 1940 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Pensacola lórí 1,056 kádẹ́ẹ̀tì láti mọ ìdánwò tó ń sọ òótọ́. Ìwé ìdánwò tí George Bennett ṣe wà lára èyí tó jẹ́rìí: àwòrán jíà, ẹ̀rọ ìfami kànga, igi tí ọmọdé méjì jókòó sí lórí méjèèjì. Ìbéèrè rẹ̀ kì í gùn. Èwo ló wúwo jù? Èwo ló máa kọ́kọ́ yí? Àwọn ọmọ tó ti tú kẹ̀kẹ́ bàbá wọn palẹ̀ rí, tí wọ́n sì gba ìgbájú nítorí rẹ̀, máa ń mọ̀ ọ́n ju ọmọ tó mọ ìwé sórí lọ.

Apá kejì ìdánwò tiwa ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fi ń yan ọ́físà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Lọ́dún 1942 kan náà ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ, tí á fún wọn ní pákó, okùn àti àgbá, tí á ní kí wọ́n ré kọjá kòtò. Wọn ò yan olórí. Àwọn ọ̀gá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á máa kọ̀wé: ta ló pariwo, ta ló gbọ́ tẹnìkejì, ta ló di ẹrù mú nígbà tí gbogbo wọn ti rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Kàdúná fún AFSB, ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tó máa wọ NDA, mọ pákó àti àgbá yìí dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí ìdánwò kankan tó wáyé, ẹnubodè kan wà tí ọmọ Áfíríkà kò lè kọjá. Títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1939, ọmọ òyìnbó pọ́ńbélé nìkan ni RAF, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fún ní ipò ọ́físà. Ogun ló jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó tí wọ́n bí lọ́dún 1914, ni ẹni àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó di awakọ̀ àti ọ́físà nínú RAF, lọ́dún 1942. Thomas kú nínú ìjàm̀bá bàálù ní Wales lóṣù Kìíní ọdún 1945. Bánkọ́lé Vivour, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, tó ń fojú sun ibi tí bọ́ǹbù máa bọ́ sí, kò bọ̀ láti Nuremberg ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 1944. Àwọn méjèèjì yege ìdánwò tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ pé wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó sí.

Nàìjíríà gba òmìnira láìní bàálù ogun. Lọ́dún 1962, ìjọba kó àwọn kádẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lọ sí Ethiopia. Ní 1963, àwọn mìíràn lọ sí Canada àti India. Òfin tó dá Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfúrufú sílẹ̀ jáde lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1964. Ará Jámánì kan, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Gerhard Kahtz, ló kọ́kọ́ jẹ́ olórí rẹ̀, Kàdúná ni wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa lórí bàálù Piaggio àti Dornier kéékèèké. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967, àwọn ará Jámánì kó ẹrù wọn lọ. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shittu Àlàó tó jẹ́ olórí iléeṣẹ́ náà nígbà ogun kú nínú bàálù L-29 tó ń wà fúnra rẹ̀ ní Uzebba, ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1969.

NDA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kàdúná lọ́dún 1964 bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní dìgírì lọ́dún 1985, ó sì di pé ọmọ tó fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá ìdánwò JAMB tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ológun. JAMB tán, ó kan ìdánwò NDA fúnra rẹ̀: ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ gbogbogbòò. Ó kan gíga: mítà 1.68 fún ọkùnrin, 1.65 fún obìnrin. Lẹ́yìn ìyẹn ni AFSB, ìsáré, dókítà, pákó àti àgbá. Ọdún márùn-ún ni wọ́n á lò, ibi bàálù gan-an kò tíì kàn wọ́n. Ẹni tó bá ti ní dìgírì tẹ́lẹ̀ lè gba ọ̀nà DSSC, èyí tó ń mú un wọlé tààrà gẹ́gẹ́ bí ọ́físà.

Ọdún 2011 ni NDA tó gba obìnrin sínú ẹ̀kọ́ àwọn jagunjagun. Tolúlọpẹ́ Arótilé, ọmọ Ìffẹ̀ ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí, wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ilé ìwé Air Force ní Kàdúná ló ti kàwé, láti pámárì dé sẹ́kọ́ńdìrì. Ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra ìwé ìdánwò, ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbi tí bàálù ti ń kọjá lórí ilé ìwé. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, àádọ́ta ọdún géérégé lẹ́yìn ikú Àlàó, ni wọ́n fi ìyẹ́ awakọ̀ sí i láyà: obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikọ́pítà ogun ní Nàìjíríà. Ọjọ́ náà ni Kafayat Sanni di obìnrin àkọ́kọ́ tó wa bàálù ajagun. Ní oṣù Keje ọdún 2020, ọkọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn gbá Arótilé ní bárékè Kàdúná, ó sì kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

Ìwé past question kò burú. Ó ń jẹ́ kí ojú mọ ìbéèrè, kí àyà má já. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ayé ń lọ. Ọmọ Yorùbá tó ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, tó fẹ́ wa bàálù fún àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn, á gbé ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, wọ́n á máa pe lẹ́tà àti nọ́ńbà sí etí rẹ̀ méjèèjì, ohun tí etí kan ṣoṣo bá gbọ́ ni kó sì dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí ọ̀pá, èkejì wà lórí ìjánu ẹ́ńjìnnì, ojú rẹ̀ ń lé àmì tó ń sá lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n gbà kó ṣe é títí ayé rẹ̀. Ìwé wo ni èèyàn fẹ́ há sórí nítorí ìyẹn? Ọmọ tó ń ta ayò pẹ̀lú àgbàlagbà tí kì í fún un láyè, tó ń ṣírò láìlo ẹ̀rọ, tó ń sáré láàárọ̀, tó ń tú nǹkan palẹ̀ tó sì ń tò ó padà, ó ti ń múra láìpè é ní ìmúra.

Kí n tó dìde lọ́gbà lọ́jọ́ náà, ọmọkùnrin yẹn sọ fún mi pé ẹnì kan ti ń bá bàbá òun sọ̀rọ̀, ó ní òun mọ ẹni tó lè fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, owó ni kí wọ́n kọ́kọ́ san. Mo ní kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù tí Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfúrufú ń fi síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé ìwọ̀nba owó tí NDA ń gbà, orí ìkànnì wọn ni wọ́n ti ń san án. Kò sí èyí tó gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá mi sọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù.