Oníbodè Orí Ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ alárinà tí a ń pè ní proxy, oníbodè ni n ó pè é níhìn-ín. Èyí tí Ari Luotonen ṣe ní CERN, ní Geneva, ní 1994, àwọn tí ó wà nínú odi ni ó ń bá jíṣẹ́ lọ síta. Ẹni tí ó bá ti wà nínú odi, ọmọ ilé ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tá ṣe wọ ilé Google ní 2009. Ètò BeyondCorp, tí wọ́n ròyìn rẹ̀ ní 2014, ni wọ́n fi dáhùn. Oníbodè wá kọjú síta: ó ń bi òṣìṣẹ́ ní orúkọ, ó sì ń wò bóyá fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìwé ilé iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ààrin ọjà ni ó wà. Èmi gbà pé èyí sàn ju odi lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá mú oníbodè fúnra rẹ̀, odi tí ì bá dá a dúró kò sí mọ́.