Ìkòkò Ìbọ Olójú Àwòrán ti Ilé-Ifẹ̀

Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi àwòrán ojúbọ, ẹranko àti ohun èlò ìbọ ṣe lára, tí àwọn amọ̀kòkò Ilé-Ifẹ̀ mọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún 12 sí 15. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ àwòrán náà kí ó yọ sóde lára ìkòkò kí wọ́n tó sun ún. Wọn kì í fi ọ̀dà yà á bíi ti àwọn ará Gíríìsì àtijọ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni awalẹ̀pìtàn Peter Garlake wú jáde ní Ilẹ̀ Ọbalára ní Ilé-Ifẹ̀ láàárín 1971 sí 1972. Ojúbọ kan wà lára rẹ̀: orí kan tó jọ ti ènìyàn gidi wà láàárín, orí méjì tó rí ṣóńṣó sì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Irú orí méjèèjì, tí a fi amọ̀ sísun ṣe, ni awalẹ̀pìtàn yìí bá níbẹ̀ pẹ̀lú egungun ènìyàn. Ẹ̀rí iyebíye gbáà ni ìkòkò náà, torí ó jẹ́ kí a rí bí àwọn ará ìgbà náà ṣe ń to ère sí ojúbọ.

Àwọn ará Ifẹ̀ ìgbà náà tún máa ń ri ìkòkò mọ́ àárín ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, kí ohun mímu ìrúbọ lè wọlẹ̀. Ẹni tó bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní àdúgbò Ìlódè tàbí Mọ̀òrè ní Ilé-Ifẹ̀, tó sì kan irú ilẹ̀ alápàáàdì bẹ́ẹ̀, kó dá ọkọ́ dúró, kó ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Àwọn ayàwòrán ìkòkò ní Gíríìsì àtijọ́ a máa kọ orúkọ òrìṣà sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán rẹ̀ nígbà mìíràn. Ìkòkò Ifẹ̀ kò ní àkọlé, nítorí náà awuyewuye lórí òrìṣà tó ni ojúbọ tó wà lára ìkòkò Ilẹ̀ Ọbalára kò tíì tán.