Ọ̀nà Ìlera Láti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Àwọn baba wa ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn wọra bí abiyamọ ayé àtijọ́ tí ó ti sin ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ó wá sọ ìkókó tuntun ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé, kí orúkọ lè bá a bẹ ọmọ náà kí ó jókòó.

Irú ẹkún bẹ́ẹ̀ ni dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, bá ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, ìlú Ọwá Obòkun, ilé Ìjẹ̀ṣà Òṣèré, nígbà tí ó dé ibẹ̀ ní 1956. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni a kì í gbé dé ọsibítù àfi ìgbà tí ọ̀ràn bá ti kọjá oògùn; nítorí náà, ní 1957, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí ìtàn ogun Kírìjì mọ̀ bí ẹni mowó, láti ọjọ́ ìbí títí wọn yóò fi pé ọdún márùn-ún.

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Ọmọ tí kò tóbi tó nígbà tí a bí i, ìbejì, ọmọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú ṣáájú, àti èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò gòkè ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, gbogbo wọn ni wọ́n ń fi ojú tó mú ṣọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà: yóò gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, yóò sàmì sínú káàdì tí ìlà méjì là kọjá, bí àmì náà bá sì ń gòkè ní oṣooṣù, ara ọmọ le nìyẹn; bí ó bá dúró sójú kan, ewu ti ń bọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá ni wọ́n fi káàdì náà sí lọ́wọ́, nínú àpò ọ̀rá, kì í ṣe ọsibítù. Àwọn kan rò pé yóò sọnù, ṣùgbọ́n ìyá tí ó mọ iyì ọmọ kò ní sọ ìwé ẹ̀mí rẹ̀ nù. Nígbà tí wọ́n fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú mìíràn tí kò ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ikú ọmọdé dín kù gidigidi ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ sì ni káàdì náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Nítorí náà, ẹ̀yin abiyamọ, bí wọ́n bá bí ọmọ yín láìpé oṣù, tàbí tí ibà pọ́njú mú un, tí wọ́n sì dá ọjọ́ fún yín pé kí ẹ padà wá, ẹ má ṣe wí pé ara rẹ̀ ti yá. Ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì mú káàdì rẹ̀ dání.