Ìkópamọ́ àti ìpalẹ̀mọ́ ohun èlò ilé

Ìkópamọ́ ohun èlò ilé ni àṣà títọ́jú nǹkan tí ó ti gbó tàbí tí ó ti bàjẹ́, pẹ̀lú èrò pé a óò tún un ṣe, a óò tún un lò, tàbí a óò yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ fi tún òmíràn ṣe. Ìpalẹ̀mọ́ ni òdìkejì rẹ̀: kíkó ohun tí a kò lò mọ́ kúrò nínú ilé, yálà nípa títà, fífi tọrẹ tàbí dídànù. Àṣà méjèèjì ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́. Lára ohun tí ó máa ń pinnu èyí tí ìdílé kan yóò tẹ̀ lé ni iye tí wọn ń ta tuntun, àti bóyá ẹni tí ó lè tún ti àtijọ́ ṣe wà nítòsí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá

Kí abọ́ onípáànù àti oníke tó gbòde, igbá ni a fi ń bu oúnjẹ. Bí igbá bá sán, wọn a lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí ó ti sán, wọn a sì fi okùn rán an pọ̀. Iṣẹ́ yìí ni a ń pè ní gígán igbá.

Aṣọ òkè bíi sányán, àlàárì àti ẹtù máa ń wà nínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì máa ń di ogún fún ọmọ. Aṣọ tí ó bá gbó kì í lọ sí ààtàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A lè fi ká òṣùká tàbí kí a fi nulẹ̀. Òwe kan sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Nínú òwe yìí, àkísà jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ orí àti ìrírí.

Pààrọ̀ àti kóńdẹ́mù

Àwọn oníṣòwò kan máa ń ru abọ́ àti ìkòkò tuntun kiri àdúgbò, tí wọ́n ń kígbe "Pààrọ̀!" Ìyàwó ilé a kó aṣọ tí kò wọ̀ mọ́ jáde, wọn a dúnàádúrà, òun a sì gba abọ́ dípò rẹ̀. Àwọn tí ń ra irin kóńdẹ́mù náà máa ń ti ọmọlanke kiri láti ra páànù, irin àti ẹ̀rọ tí ó ti kú. Nípa báyìí, ilé a mọ́, ohun tí ó jáde níbẹ̀ a sì tún wúlò fún ẹlòmíràn.

Tòkunbọ̀ àti ewu rẹ̀

Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun, ti di orúkọ fún ọkọ̀ àti ẹ̀rọ àlòkù tí a kó wọlé. Ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ àti Computer Village ní Ìkẹjà, ní ìpínlẹ̀ Èkó, gbajúmọ̀ fún títa ẹ̀rọ àti títún un ṣe. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn kan jáde pé púpọ̀ nínú ẹ̀rọ àlòkù tí ń wọ Èkó kò ṣe é tún ṣe mọ́. Dídáná sun wáyà láti yọ bàbà máa ń tú èéfín olóró sí afẹ́fẹ́, òjé sì wà nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Nàìjíríà ṣe òfin lórí ìdọ̀tí ẹ̀rọ ní ọdún 2011.

Ní ilẹ̀ mìíràn

Ìwé Marie Kondo, ọmọ Japan, tí ó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2014, sọ ìpalẹ̀mọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká: ó ní kí ènìyàn fi ohun tí ó ń mú inú rẹ̀ dùn nìkan sílẹ̀. Ní ìdà kejì, Martine Postma dá Repair Café sílẹ̀ ní Amsterdam ní ọdún 2009, níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ti ń bá ará àdúgbò tún nǹkan ṣe. Ní ọdún 2024, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin tí ó fi dandan lé e pé kí àwọn tí ń ṣe àwọn ẹ̀rọ kan máa tún wọn ṣe fún oníbàárà.

Nígbà tí ó bá di àìsàn

Ní ọdún 2013, ìwé DSM-5 ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ka ìkójọ àkójù sí àìsàn tí ó dá dúró. Ẹni tí ó ní in kì í lè yọ̀ǹda nǹkan, bí kò tilẹ̀ níye lórí. Ìrora ọkàn a bá a bí ó bá fẹ́ dà á nù, ẹrù a sì gba yàrá débi pé kò ní ṣe é lò. Ní ọdún 1947, wọ́n bá òkú Homer àti Langley Collyer, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, láàárín òkìtì ẹrù nínú ilé wọn ní New York. Ẹrù náà ni ó wó pa Langley. Ẹni tí ó kó rédíò mẹ́ta tí ó bàjẹ́ pamọ́ láti tún ọ̀kan ṣe kò sí nínú irú ẹ̀ka yìí, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì lè yọ̀ǹda èyí tí kò wúlò mọ́.