Gbẹ́nàgbẹ́nà Ṣe Tirẹ̀ Tán: Ọ̀rọ̀ Lórí Gígé Àwòrán Lójú Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní, gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Alárìíwísí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi òwe yìí bá wí, pé ẹni tí kò lè gbẹ́ igi ló ń fi ẹnu gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀ fún oníṣẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí iṣẹ́ bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni, a kì í sí níbẹ̀ mọ́ láti ṣàlàyé. Bí a bá gé ibi tó yẹ ní gígé, iṣẹ́ á gbèjà ara rẹ̀. Bí a bá fi ọ̀dà bo ibi tó yẹ ká gé, ibẹ̀ gan-an ni ẹnu aráyé yóò ti bá a.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán lónìí, mo sì fẹ́ fi ìlú Bìní ṣàpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹ wo eben, idà tí àwọn ìjòyè ibẹ̀ máa ń fì láti fi júbà Ọba. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ó rí bí ewé, òrùka sì wà ní ìdí èèkù rẹ̀. Àwọn tó ń rọ ọ́ a máa dá ihò sí i lójú lọ́nà tó wu ojú, débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú irin náà kọjá. Ohun tí wọ́n yọ kúrò lára irin ló sọ ọ́ di idà oyè.

Ká ní wọ́n wá gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán kan pé kó ya eben sára ẹ̀wù ẹgbẹ́. CorelDRAW ló ṣeé ṣe kó ṣí, èyí tí ilé iṣẹ́ Corel ní Kánádà gbé jáde ní 1989, tó sì gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn onítẹ̀wé wa. Irú ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kì í tọ́jú àwòrán bíi fọ́tò. Àmì àti ìlà ló ń tọ́jú, pẹ̀lú ìṣirò tó ń sọ bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀. Pierre Bézier, ẹnjiníà ará Faransé ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Renault, ló jẹ́ kí irú ìlà yìí di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1960. Nítorí pé ìṣirò ni, a lè yọ àwòrán kan kúrò lára òmíràn, kí àyè rẹ̀ sì ṣófo ní tòótọ́.

Ẹni tó ń kánjú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òbìrí funfun ni yóò yà lé ojú idà. Lórí bébà funfun, ó jọ ihò. Lórí ẹ̀wù pupa, ó di àbùlẹ̀. Tó bá wá jẹ́ etí idà ló fẹ́ gé ẹnu sí, tí ẹ̀rọ sítíkà ni yóò sì gé iṣẹ́ náà, ọ̀ràn burú sí i. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ kò mọ àwọ̀, ìlà ló ń tọ̀. Yóò tọ etí àtijọ́ kọjá láàárín ẹnu náà, yóò sì tún yí òbìrí náà po.

Gígé tòótọ́ kò le. Ya ojú idà, kí o ya òbìrí tó máa gé e, kí o sì gbé e sí etí, kí apá kan rẹ̀ yọ síta dáadáa. Bí ó bá kàn fara kan etí lásán, tíńtín irin lè ṣẹ́ kù síbẹ̀. Nínú CorelDRAW, kọ́kọ́ tẹ òbìrí náà, di Shift mú, tẹ idà, lẹ́yìn náà tẹ Trim. Èyí tí a tẹ̀ kẹ́yìn ni Trim yóò gé. Ó lè dà bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, nítorí òbìrí ṣì wà lókè. Fà á kúrò, wàá rí ẹnu tí o gé. Nínú Inkscape, ètò mìíràn tó jẹ́ ọ̀fẹ́ láti 2003, Difference ni wọ́n ń pè é: èyí tó wà lókè ló ń gé ti ìsàlẹ̀, òun náà á sì pòórá. Torí náà, fi Ctrl+D ṣe ẹ̀dà àwọn méjèèjì ná.

Ẹ̀dà yẹn ṣe pàtàkì. Àwọn ìdílé Igun Eronmwon, tí ń rọ idẹ ní Òpópónà Igun ní Bìní, mọ ìdí rẹ̀. Ara ìda ni wọ́n ti ń ṣe ọnà wọn, kí wọ́n tó fi amọ̀ bò ó, kí wọ́n fi iná yọ́ ìda náà jáde, kí wọ́n sì da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Ara ìda ni àtúnṣe ti rọrùn. Bí idẹ bá ti le, àtúnṣe di iṣẹ́ agbára. Fáìlì tí a kò tíì gé ni ìda ayàwòrán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe fi àwọ̀ funfun tan oníbàárà yín. Ẹ gé ohun tó yẹ ní gígé, ẹ pa ẹ̀dà tí ẹ kò gé mọ́. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ ya àpótí aláwọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wo ihò kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó bá yege lórí àwọ̀ dúdú àti pupa ni kí ẹ gbowó rẹ̀.