Láti Omi Ìgbín Dé Abẹ́rẹ́ Ìsàlẹ̀ Ẹ̀yìn: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Tu Ọmọdé Lára

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò ní jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Ẹni tó bá ti dúró ti ọmọ lóru ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún un yóò mọ̀ pé òwe yìí kì í ṣe ti ọmọ aláìgbọràn nìkan. Ojú ọgbẹ́ ń ro ọmọ, ọkàn ìyá kò balẹ̀, ilẹ̀ kò sì tètè mọ́. Báwo ni aráyé ṣe wá oògùn tí yóò jẹ́ kí àwọn méjèèjì sùn, kí ni ìtàn náà sì kàn wá sí ní Adó-Èkìtì?

Kí ilé ìwòsàn tó dé, iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tí ọmọkùnrin ń bá pàdé nílẹ̀ wa ni ìkọlà. Olólà ló ń ṣe é, iṣẹ́ ìdílé sì ni. Bí abẹ bá ti kọjá, wọn a ro omi ìgbín sí ojú egbò, nítorí ó tutù, omi ẹ̀rọ̀ sì ni. Àwọn baba wa kò ní oògùn tó ń pa ara kú, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ìkókó ń jẹ̀rora, wọ́n sì wá ohun tí wọ́n lè fi tù ú.

Ó yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ oníṣègùn òyìnbó pẹ́ kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀. Títí di àárín àwọn ọdún 1980, àwọn kan nínú wọn ṣì gbà pé ọpọlọ ìkókó kò tíì gbó tó láti mọ ìrora. Ní 1987 ni Anand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn pé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, tí wọ́n fún ní oògùn ìrora tó lágbára nígbà iṣẹ́ abẹ, ṣe dáadáa ju àwọn tí wọn kò fún lọ.

Oògùn tó ń kunni lóorun náà ní ewu tirẹ̀. Ní 1848, ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hannah Greener, kú níbi tí wọ́n ti fún un ní chloroform nítorí èékánná ẹsẹ̀ lásán. Ìdí nìyí tó fi wuni kí a rí ohun tí yóò pa ibi tí abẹ fẹ́ kàn nìkan kú. Koller fi kokéènì pa ojú kú ní Vienna ní 1884. Ní 1898, Bier ní Jámánì fi í sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ọmọ ọdún 11 sì wà lára àwọn aláìsàn rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1901, Sicard àti Cathelin ní Paris gba ìsàlẹ̀ eegun ẹ̀yìn wọlé, lókè ìdí. Ní 1933, Campbell ní Amẹ́ríkà lo ọ̀nà yìí fún àwọn ọmọdé. Ó bá ọmọdé mu gan-an: ìka dókítà lè fọwọ́ bá ihò eegun náà láìsí ẹ̀rọ kankan.

Ìṣòro tó kù ni pé agbára abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í pẹ́. Bupivacaine, tí wọ́n ṣe ní Sweden ní 1957, lè tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí wọ́n bá gún ọmọ ní aago 9 àárọ̀, ìrora lè ti dé kí ó tó di aago 3 ọ̀sán.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Láti 1903 ni Braun ní Jámánì ti fi adrenaline kún kokéènì: ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, bí ìgbà tí a fi okùn di apá, kí ẹ̀jẹ̀ má baà tètè gbé oògùn lọ. Lẹ́yìn náà ni morphine, clonidine àti ketamine dé. Ní 1995, Cook àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh gbé mẹ́ta yẹ̀ wò lára ọmọkùnrin 60 tí kóró ẹpọ̀n wọn kò sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi adrenaline kún tiwọn rí ìtura fún nǹkan bí wákàtí 3.2, ti clonidine jẹ́ 5.8, ti ketamine jẹ́ 12.5. Ìyàtọ̀ ọ̀sán sí òru nìyẹn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan Èkìtì. Láti ìgbà tí a ti dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní 1996, ilé ìwòsàn ńláńlá ti pọ̀ sí i: EKSUTH ní Adó, tí wọ́n sọ di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní 2008, ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, àti ti Yunifásítì Afe Babalola. Ṣùgbọ́n rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn kí oògùn lè máa kán díẹ̀díẹ̀ wọ́n, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ tọ̀sántòru. Ketamine kò ṣàjèjì sí ilé iṣẹ́ abẹ nílẹ̀ wa. Bí a bá fi díẹ̀ kún abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà, òru lè rọrùn.

Síbẹ̀, kí a má fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ketamine tí wọ́n ti fi oògùn amú-nǹkan-má-bàjẹ́ sí kò yẹ ní ẹ̀yìn ọmọ, nítorí ó lè pa iṣan ara lára. Clonidine lè dá èémí ìkókó dúró. Morphine lè dín èémí kù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sùn. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà, tó sì wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n, ni kó fà á sínú abẹ́rẹ́.

Ìyá kì í bi olólà léèrè nípa omi ìgbín, nítorí ó ń fojú rí i. Oògùn inú abẹ́rẹ́ kò hàn sójú. Nítorí náà, kí òbí tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, ó tọ́ kó béèrè pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa fún ọmọ mi fún ìrora, wákàtí mélòó ni yóò sì tó?"